Bí Mo Ṣe Gbé Bàbá Wọn Gun Òkè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Dókítà ojú ti sọ ọ́ lónìí, kò sì fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Bàbá wọn kò gbọdọ̀ gun máṣíìnì mọ́, kò gbọdọ̀ wa mọ́tò pàápàá. Iwájú nìkan ló ń rí báyìí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ti ṣú, bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Oògùn tí wọ́n ní kó máa kán sójú kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ó kàn máa di èyí tó kù mú ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Nígbà tá a délé, ó lọ dúró ti Erin, máṣíìnì ńlá rẹ̀, nínú gáréèjì, ó ń fi aṣọ nu táǹkì rẹ̀. Ibi tó ti mọ́ ló ń nù.  Mo lọ gé aṣọ ilé ìwé mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọkùnrin kan wá wo Erin. Bàbá wọn ló pè é, kò sọ fún mi. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ẹnu bàtà ta táyà rẹ̀, ó ní ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣá. Ọ̀dà tí Bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Mo jáde láti yàrá ìránṣọ tèmi ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ má bínú sí wa, a ò tà á mọ́."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Bàbá wọn ní, "Ta ló máa wá gùn ún?"

Mo ní, "Èmi."

"Ta ló máa jókòó sẹ́yìn?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ Ajé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ṣàwàdà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ni ẹgbẹ́ Bàbá wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun máṣíìnì ńlá, ń gun òkè lọ́dún yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù. Kọ́nà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lójú ọ̀nà yẹn, Bàbá wọn mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Èmi náà mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Mo máa ń gun máṣíìnì kékeré nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, òun ni mo fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà, mi ò sì jẹ́ kí ìwé àṣẹ mi kọjá àkókò rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èyíinì kò wúwo ju àpò ìrẹsì méjì lọ. Ọ̀ọ́dúnrún kílò ó lé mẹ́wàá ni Erin. Láàárọ̀ yìí mo gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ láti jáde ní gáréèjì, ó bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dùbúlẹ̀ lé òdòdó mi lórí. N kò lè dá a dúró. Bí ẹni ń gbìyànjú láti dá màlúù tó ti pinnu láti sùn dúró ni.

Bàbá wọn ní, "Ẹní gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

Mo ní, "N ò tíì gùn ún."

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Apá, èjìká, ìbàdí. Kò sí èyí tó gbà kí n gbé ìkòkò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mẹkáníìkì wa wá bá wa ní pápá ilé ìwé. Rọra ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí gbólóhùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tí "rọra" kò sí níbẹ̀. Bàbá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń pàṣẹ. Rọra ní tirẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Màmá, máṣíìnì tó gùn tó sì wúwo báyìí kì í yí bí ajá. Bí ọkọ̀ ojú omi ló ṣe ń yí. Ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ fún un kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ dín iná kù kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ mú jíà tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ tán, iṣẹ́ ti parí, ẹ kàn rọra máa fún un níná díẹ̀díẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa yí i?"

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọwọ́ máṣíìnì síwájú."

"Ṣé kò ní lọ sósì ni?"

"Ẹ kàn rọra tì í."

Mo tì í. Erin tẹ̀ sọ́tùn-ún wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tó dáhùn. N kò lo agbára rárá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ti ń fi èjìká bá a jìjàkadì, ìka mẹ́rin ló ń fẹ́. Mo yí pápá náà ká nígbà mọ́kànlélógún. Bàbá wọn ń kà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Àkọ́bí wa obìnrin pè. Àbúrò rẹ̀ ló tú àṣírí fún un.

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ jẹ́."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi."

"Dádì ò ríran, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n gùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kó ara yín lọ sí orí òkè?"

Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lánàá.  Ó mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí ọ̀sẹ̀ tí dókítà sọ̀rọ̀, tíì lásán ni bàbá rẹ̀ ń mu.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọjọ́ burúkú. Ọ̀nà àfonífojì ni a lọ, níbi tí kọ́nà mẹ́fà wà. Rọra fi máṣíìnì tirẹ̀ ṣíwájú, ó gbé Bàbá wọn sẹ́yìn. Kọ́nà àkọ́kọ́, mo fẹ̀ lọ sí àárín ọ̀nà. Èkejì, bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, gọ́tà kan wà létí títì, ojú mi bọ́ sínú gọ́tà yẹn, Erin sì ń lọ tààrà síbẹ̀ bí ẹni pé mo rán an. Mo fún bíréèkì ní àárín kọ́nà, ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe gan-an. Ó dìde dúró ṣánṣán, ó kọ̀ kò yí mọ́. Ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan kí n wọ gọ́tà kó tó dúró.

Mo jókòó sétí ọ̀nà.  Bàbá wọn fọwọ́ tọ́ ọ̀nà wá bá mi, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ibi tójú rẹ bá lọ ni yóò gbé ẹ lọ. Má wo gọ́tà."

Mo ní, "Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é tí kò fi ní wo gọ́tà?"

 Ogójì ọdún ló ti ń ṣe é, kò mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òwú funfun ti tún gbówó lórí. Mo ń rán ọrùn aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, ogójì ọrùn, gbogbo rẹ̀ róbótó. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìyá ọlọ́mọ méjì ni, ń ba tirẹ̀ jẹ́, ó ń já a, ó ń tún un rán. Mo ní kó dìde, mo jókòó, mo ní, "Má wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iwájú abẹ́rẹ́ ni kó o máa wò, ibi tí aṣọ ń lọ. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ̀, má fà á, máa darí ẹ̀."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ọwọ́ mi dúró lórí aṣọ. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń rán ọrùn aṣọ, n kò wo abẹ́rẹ́ rí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kọ́nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àlọ àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Mo máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ìta wọ̀ ọ́, mo máa ń ní sùúrù, mi ò ní tètè gé e, n ó yí orí pátápátá sí ibi tí ọ̀nà ti ń jáde, n ó wá ti ọwọ́. Erin á tẹ̀, á yí, á jáde. Ní kọ́nà kẹrin lójú àbọ̀, mo gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kẹ́rrrrr, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha abọ́. Irin tí mo gbé ẹsẹ̀ lé ló ń ha títì. Mi ò fò, mi ò fún bíréèkì, mo kàn jẹ́ kó dìde díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Rọra bẹ̀rẹ̀ wo irin náà, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó ní, "Màmá, òpin rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹ̀ dé ibi tó lè tẹ̀ dé. Àwọn ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tí irin wọn ò tíì ha títì rí láti ọjọ́ tí wọ́n rà á."

Mo wẹ̀ nígbà tí mo délé, mo tún padà jáde lọ wo ojú ibi tó ha. Ó ń dán yanran. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Òjò. Aṣọ ni mo rán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Bàbá wọn jókòó sẹ́yìn mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni òun nìkan. Ìdí Erin rì wálẹ̀, kọ́nà tí kì í ha tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha, iwájú wá fúyẹ́ bí ẹni tó ń lá àlá. Rọra gbé sípíríǹgì ẹ̀yìn sókè, ó ní kí n máa wọ kọ́nà pẹ̀lú iná tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò lè fọwọ́ bà. Mo ń ti ọwọ́, Erin ń lọ́ra. Bí ẹni pé a jẹ́ méjì tó ń darí rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé èèyàn gun òkè gbọ́dọ̀ ṣe é lójú Alága. Alága ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, kò mọ ojúsàájú. Ó dúró sí kọ́nà kẹta ní àfonífojì, ó ká ọwọ́ gbera.

Kọ́nà àkọ́kọ́ dára. Èkejì dára. Ní ẹ̀kẹta, níwájú Alága gan-an, mo tì í sósì, Erin tẹ̀, lójijì ó tún gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà sókè, a sì fẹ̀ lọ kọjá ìlà àárín. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mọ́tò kankan ò bọ̀.

Alága kò pariwo. Ó kọjú sí Bàbá wọn, kò kọjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní bínú sí mi. Wọ́n gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí i."

Bàbá wọn ní, "O ṣeun." Ìyẹn nìkan. A wálé.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti ro kọ́nà yẹn láti àárọ̀. Ojú mi wà níbi tó yẹ kó wà. Ọwọ́ mi ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Kì í ṣe èmi. Mo mọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìpàdé ẹgbẹ́. Èmi ni mo wa mọ́tò gbé Bàbá wọn lọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wọlé. Ó ní kí n wọlé. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ dé orí owó ounjẹ ọjọ́ ìrìnàjò kó tó nawọ́. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú.

Ó ní, "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó mi wọ kọ́nà kẹta dáadáa. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó tẹ̀ sósì, mo tẹ ara mi sọ́tùn-ún, mo sì fi orúnkún fún máṣíìnì. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́, mo jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gùn. Ìwà ẹni tó tó mi kọ́."

 Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Èyí tó rọrùn fún un ni pé kó dákẹ́.

Alága ní, "Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n."

Nínú mọ́tò, mo ní, "Ẹ ṣeun." Ó ní kí n wo iwájú. Orí mi wú ju ìgbà tí irin ha títì lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Lónìí, èmi ni tíṣà. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́yìn ọkùnrin yìí, iṣẹ́ ni, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Mo ní, "Ẹ má jókòó bí ẹni tó ń gùn ún. Ẹ jókòó bí ìyàwó."

Rọra yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo ní, "Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mi. Ẹ jẹ́ kí orúnkún yín rọ̀. Tí mo bá ń lọ sósì, ẹ gbé àgbọ̀n yín sún mọ́ èjìká òsì mi, tí mo bá ń lọ sọ́tùn-ún, ẹ gbé e sí ọ̀tún. Kò kàn yín bí kọ́nà ṣe rí. Ara mi ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé."

"Tí n kò bá rí ibi tá à ń lọ ńkọ́?"

"Èmi náà kì í rí i nígbà yẹn. Ẹ̀yìn yín gbòòrò bí ilẹ̀kùn."

 Ó ní, "Ogún ọdún ó lé mẹ́ta, o ò sì sọ."

"Ẹ ò bi mí."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àgbọ̀n rẹ̀ ti ń dé èjìká mi kí n tó ti ọwọ́ tán. Erin padà di ẹyọ kan.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Páálí kan dé láti ọ̀dọ̀ àkọ́bí wa. Ìbọ̀wọ́ awọ méjì, ìwọ̀n ọwọ́ mi gẹ́ẹ́. Kò kọ nǹkan kan sí i. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀. Ọmọ yẹn kò ra bàtà fún ara rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Alága dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. A kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó yọ bírò jáde, ó fọwọ́ sí ìwé náà lórí táǹkì Erin. Èmi ló kọjú sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Mà, níbo lẹ ti kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yí orí yẹn?"

Mo ní, "Lẹ́nu iṣẹ́."

Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́. Wọ́n ní iyanrìn ti ya sójú ọ̀nà òkè. N kò jẹun alẹ́. Mo ní aṣọ mẹ́rìnlá tí mo gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bàbá wọn ní ká má lọ bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, kò ní bínú. Ohun tó sọ yẹn ló jẹ́ kí n pinnu.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó gbàgbé.

Oòrùn là láàárọ̀, títì ti gbẹ, wọ́n ti gbá iyanrìn. Máṣíìnì mọ́kànlélógún. Alága fi wá sí ipò karùn-ún, Rọra wà lẹ́yìn wa. Kọ́nà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹwàá, ohùn ẹ́ńjìnì nìkan ni mò ń gbọ́, àti àgbọ̀n Bàbá wọn tó ń sún láti èjìká kan dé èkejì. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òtítọ́ ni.

Ìkẹtàdínlógún ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́tàn. Ó máa ń ṣí sílẹ̀ lójú èèyàn bí ẹni pé kò le, kó tó wá fún mọ́ ọ níwájú. Mo rọra wọ̀ ọ́. Mo ti tẹ̀ tán nígbà tí tírélà kan tó kó búlọ́ọ̀kù yọ láti òkè, ìdí rẹ̀ gba ìlà àárín kọjá sí ọ̀dọ̀ wa. Ojú mi bọ́ sára ìdí tírélà yẹn. Ìka mi ti dé orí bíréèkì. Mo fi ipá yí ojú mi kúrò, mo wá àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti etí ọ̀nà, kò fẹ̀ ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ, mo gbé ojú mi síbẹ̀, mo sì tún ti ọwọ́ sí i. Irin ha títì, ó ń pariwo. Bí Bàbá wọn bá dìde ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, bó bá ta kò mí díẹ̀ báyìí, a ti lọ nìyẹn. Kò dìde. Ó tẹ̀ pẹ̀lú mi, ó tẹ̀ dé ibi tí mo tẹ̀ dé, ara rẹ̀ sì rọ̀. A gba ibẹ̀ jáde. Tírélà kọjá.

Ó sọ sí mi létí pé, "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Tírélà."

Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀." 

Lókè, àwọn èèyàn rọ́ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tó tẹ̀ lé Rọra bọ̀, ní, "Ọ̀gá, mo rí bẹ́ ẹ ṣe gba Ẹlẹ́tàn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Bàbá wọn bọ́ akoto, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹrù lásán ni mí. Ìyàwó mi ni kó o kí." Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀ kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn lè gbọ́: "Òun ló gbé mi wá." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun kọ́ ilé alájà mẹ́rin. Wọ́n to ara wọn wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo bàtà mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ le ju ìgòkè lọ, kò sí ẹni tó máa ń sọ ìyẹn. Gbogbo ìwúwo ń ti èèyàn lẹ́yìn. Mo fi jíà kékeré sọ̀ ọ́, mo ń dín in kù kí n tó dé kọ́nà kọ̀ọ̀kan, mi ò sáré tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn kọjá lára wa. Mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pé.

A ti bọ́ sí ọ̀nà tó tẹ́jú, ó ku bí máìlì mẹ́ta ká délé, nígbà tí nǹkan kan gbá mi lẹ́yìn, gbì. Akoto Bàbá wọn ni. Ó tún gbá mi, ó wá fara tì mí, kò gbéra mọ́.  Mo pè é, kò dáhùn. Mo rọra yà sétí ọ̀nà lábẹ́ igi kan, mo pa ẹ́ńjìnì, mo gbọ́ ọ wàyí: ó ń hanrun.

Ogún ọdún ó lé mẹ́ta tí mo fi jókòó sẹ́yìn ọkùnrin yìí, mi ò fi ìṣẹ́jú kan sùn rí.

Rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ wá jí i. Mo gbọnrí sí i pé kó máa lọ. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, mo di Erin mú kó má bàa yẹ̀, mo sì dúró títí ó fi sun tirẹ̀ tó.